Ọ̀sìn Ọ́ísítà: Ohun Tí Ó Ń Ṣe sí Omi Òkun Bí Ọdún Ti Ń Gorí Ọdún

Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn ń sìn lórí ilẹ̀ àti nínú omi, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí èyí tí oúnjẹ rẹ̀ kò ná ni lówó bí ọ́ísítà. Ẹni tí ó ń sin adìẹ ní láti wá àgbàdo. Ẹni tí ó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní láti wá èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́. Ẹni tí ó sì ń sin ẹja nínú adágún ní láti ra oúnjẹ ẹja. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sin ọ́ísítà kò fún un ní oúnjẹ kankan láti ọjọ́ tí ó ti kó o sínú omi títí di ọjọ́ tí ó kó o lọ sí ọjà. Omi òkun fúnra rẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé iṣẹ́ tí kò lè ba ohunkóhun jẹ́ ni. Òtítọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tán. Ohun tí ọ̀sìn yìí ń ṣe sí omi kì í hàn ní ọdún kan tàbí méjì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún tí ó ju 150 lọ ni ó yẹ kí a wò. Ibẹ̀ ni ọ̀sà Arcachon ní ilẹ̀ Faransé, tí kò jìnnà sí ìlú Bordeaux. Òkun Àtìláńtíìkì tí ń lu etíkun Èkó náà ni ó ń wọ inú ọ̀sà yìí. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá wo ohun tí ìtàn náà kọ́ àwa tí a ń gbé létí ọ̀sà ní ilẹ̀ tiwa.

Kí ni ọ́ísítà, báwo ni a sì ṣe ń sìn ín?

Ọ́ísítà jẹ́ ẹ̀dá inú omi tí ó ní ìkarahun méjì, tí ọ̀kan dé èkejì bí ọmọrí ti í dé ìkòkò. Kò ní orí, kò sì ní ẹsẹ̀. Nígbà tí ó bá wà ní ọmọ, tí kò tóbi ju eruku lọ, omi a máa gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí a wá ohun líle kan lẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe òkúta, igi, tàbí ìkarahun ọ́ísítà mìíràn, kì í sì í dá ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn ará etí ọ̀sà wa mọ̀ ọ́n dáradára, nítorí òun ni ìkarahun líle tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà, tí ó sì máa ń la ènìyàn lẹ́sẹ̀ bí abẹ.

Ẹni tí yóò sìn ín a kọ́kọ́ ri ohun líle sínú omi kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti dàgbà díẹ̀, a yọ wọ́n, a kó wọn sínú àpò onihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́, a sì tẹ́ àpò náà sórí tábìlì irin tí a rì mọ́ ilẹ̀ níbi tí omi òkun ń kún sí, tí ó sì tún ń fà kúrò. Níbẹ̀ ni wọn yóò wà fún ọdún méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó tó tà.

Bí ó ti ń jẹun ni kókó ọ̀rọ̀ wa. A máa la ìkarahun rẹ̀ díẹ̀, a fa omi wọlé, a sẹ́ ẹ bí ẹlẹ́kọ ti í sẹ́ ògì, a mú àwọn ewéko wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, a sì tú omi tí ó ti mọ́ jáde. Ọ́ísítà ńlá kan ṣoṣo, nígbà tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ohun gbogbo sì dára fún un, lè sẹ́ omi tí ó tó líta 190 ní ọjọ́ kan. Èyí ju omi garawa mẹ́wàá lọ. Ẹ jẹ́ kí a wá ro ohun tí ọ̀kẹ́ àìmọye wọn ń ṣe nínú ọ̀sà kan.

Oore tí ó ń ṣe fún omi

A kò gbọ́dọ̀ fi oore rẹ̀ pamọ́. Níbi tí ọ́ísítà bá wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ, omi a máa mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ oòrùn a sì dé ìsàlẹ̀ kí koríko inú omi lè hù. Inú koríko yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja ń fi ara pamọ́ sí. Àárín àwọn ìkarahun rẹ̀ tún jẹ́ ilé fún akàn, edé àti ẹja kéékèèké. Bákan náà, nígbàkígbà tí a bá kó ọ́ísítà kúrò lọ sí ọjà, a ń kó díẹ̀ lọ nínú ajílẹ̀ tí òjò ti wọ́ láti inú oko wá sínú omi.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀rí wà fún èyí. Ní apá òkun tí wọ́n ń pè ní Chesapeake, àwọn apẹja kó ọ́ísítà ní àkójù láti ọdún dé ọdún, àrùn sì tún wá bá èyí tí ó kù. Ní ọdún 1988, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Roger Newell ṣe ìṣirò pé àwọn ọ́ísítà tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú ọdún 1870 lè sẹ́ gbogbo omi náà tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù nígbà tí ó ń ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò lò tó ọdún kan gbáko kí wọ́n tó lè ṣe é. Omi náà ti dọ̀tí ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Nítorí náà, kì í ṣe pípọ̀ jù ọ́ísítà nìkan ni ó ń ṣe omi ní ibi. Àìsí rẹ̀ náà ń ṣe é.

Èèrí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀

Ẹni tí ó bá sẹ́ ògì yóò rí èèrí. Ọ́ísítà náà sì ní èèrí tirẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ omi. Èyí tí kò fẹ́ jẹ nínú ohun tí ó sẹ́, a fi ikun wé e, a sì tu ú dànù sí ìsàlẹ̀ kan náà. Bí omi ibẹ̀ bá ń ṣàn dáradára, tí òkun ń kún tí ó sì ń fà, omi yóò gbá a lọ, kò sì ní ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí omi bá dákẹ́, tí tábìlì sì pọ̀ tí wọ́n fún mọ́ra, àwọn tábìlì náà yóò tún dín agbára omi kù, ẹrẹ̀ yóò sì máa gun orí ara wọn. Bí èèrí náà ti ń jẹrà, yóò máa lo afẹ́fẹ́ tí àwọn ẹ̀dá inú omi ń mí tán. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ a di dúdú, a sì máa rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Àwọn akàn àti ìkarahun kéékèèké tí ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ a kú tàbí kí wọ́n sá lọ. Kìkì kòkòrò ẹrẹ̀ díẹ̀ tí ó lè fara da irú ibẹ̀ ni yóò kù. Koríko inú omi tí ó wà lábẹ́ tábìlì náà yóò ṣàárẹ̀, nítorí òjìji ti bò ó.

Ohun ìtùnú ni pé irú ìbàjẹ́ yìí ṣeé tún ṣe. Bí a bá kó tábìlì kúrò tí omi sì ń ráyè ṣàn, ilẹ̀ náà a máa padà bọ̀ sípò, bí ó tilẹ̀ gba oṣù tàbí ọdún.

Oúnjẹ inú omi ní ìwọ̀n

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé pápá tí ó tó màlúù 20 jẹ kò lè tó 200 jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi rí. Ewéko wẹ́wẹ́ inú ọ̀sà kan ní iye tí ó jẹ́. Bí ọ́ísítà bá pọ̀ ju iye yìí lọ, gbogbo wọn ni yóò máa jẹun ní àjẹẹ̀yó. Wọn yóò pẹ́ kí wọ́n tó dàgbà, wọn yóò rù, àrùn yóò sì tètè rí wọn mú. Àwọn tí ń sìn ọ́ísítà ní Marennes-Oléron, ní àríwá Arcachon, fojú ara wọn rí èyí. Bí ọ́ísítà ti ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ni ó ń pẹ́ sí i kí ó tó tó tà. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí èrè bá dín kù, olúkúlùkù a fẹ́ fi púpọ̀ sí i kún tirẹ̀ láti fi dí àdánù, bẹ́ẹ̀ ni ìyà náà ń pọ̀ sí i fún gbogbo wọn. Àwọn ẹ̀dá mìíràn tí ń jẹ nínú oúnjẹ kan náà, tí wọn kò sì ní olówó tí yóò gbèjà wọn, a sì bá wọn jìyà.

Ohun tí ìjọba ilẹ̀ Faransé ṣe sí èyí yẹ fún àkíyèsí. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun jẹ́ ti ìjọba, kò sí ẹni tí ó lè tà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ọ́ísítà a gba ìpín pẹ̀lú ìwé àṣẹ, òfin sì sọ iye àpò tí ó lè tẹ́ sórí ilẹ̀ tí ó tó ìwọ̀n báyìí.

Irúgbìn àjèjì: ìtàn Arcachon

Èyí tí ó le jùlọ nínú ọ̀rọ̀ náà ni ti irúgbìn. Ní nǹkan bí ọdún 1860, lábẹ́ Ọba Napoleon Kẹta, ọ́ísítà ìbílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní etíkun Faransé nítorí àkójù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Coste ni ó gba ìjọba níyànjú pé kí a máa sìn ín bí ẹni ń dá oko, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní Arcachon. Láìpẹ́ wọ́n rí ọgbọ́n kan dá: wọ́n mú awo amọ̀ tí wọ́n fi ń bo òrùlé ilé, wọ́n fi ẹfun tí àwọn bíríkìlà ń lò kùn ún, wọ́n sì rì í sínú omi. Àwọn ọmọ ọ́ísítà a lẹ̀ mọ́ ẹfun náà, ó sì rọrùn láti yọ wọ́n kúrò láìfọ́. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń jẹun níbẹ̀.

Ní ọdún 1868, ọkọ̀ ojú omi kan tí ó kó ọ́ísítà láti ilẹ̀ Pọtogí sá wọ ẹnu odò Gironde nítorí ìjì. Ọ̀gá ọkọ̀ rò pé ẹrù rẹ̀ ti kú tán, ó sì dà á sínú omi. Kò kú tán. Èyí tí ó yè bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, ó sì tàn káàkiri. Nígbà tí àrùn pa ọ́ísítà ìbílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1920, ti Pọtogí yìí ni ó gba ipò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wá fi ẹ̀rí hàn lẹ́yìn náà pé kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ilẹ̀ Pọtogí. Ọkọ̀ ni ó gbé e wá síbẹ̀ láti ilẹ̀ Éṣíà ní ayé àtijọ́.

Láàárín ọdún 1970 sí 1973, kòkòrò àrùn kan tí ojú kò lè rí pa ti Pọtogí náà run ní gbogbo etíkun Faransé. Láti ọdún 1971, kí ebi má baà pa àwọn oníṣẹ́ yìí, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó irú kẹta wá: àwọn ọmọ kéékèèké láti ilẹ̀ Jàpáànì, àti àgbà láti ilẹ̀ Kánádà. Irú kẹta yìí gba iṣẹ́ náà là, òun ni wọ́n sì ń sìn títí di òní. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ó wá. Koríko òkun kan tí wọ́n ń pè ní Sargassum, ti ìhà Jàpáànì, bá a rìn. Ó ti tàn dé etíkun púpọ̀ ní Yúróòpù, kò sì sí ẹni tí ó lè fà á tu tán. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2008, àrùn mìíràn tún dé. Àwọn ọmọ ọ́ísítà ilẹ̀ Faransé kú lọ bẹẹrẹ; ní ibi púpọ̀, èyí tí ó kú ju ìdajì lọ.

Ẹ wò ó bí irúgbìn ti ń sá kúrò nínú oko. Ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, òtútù líle ti ọdún 1962 sí 1963 pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ́ísítà ìbílẹ̀. Ní ọdún 1964 wọ́n mú ti Jàpáànì wá, wọ́n ní omi àwọn tutù jù, kò lè bímọ níbẹ̀. Nígbà tí ooru mú gidigidi ní ọdún 1975, ó bímọ. Ní erékùṣù Sylt ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n dá oko irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1986. Nígbà tí yóò fi di 1991, wọ́n ti rí i níta oko. Lónìí, ó ti di òkìtì ńláńlá ní etíkun náà, ó sì ti bo ibi tí àwọn ẹ̀dá ìkarahun ìbílẹ̀ ń gbé mọ́lẹ̀. Àwọn ìbílẹ̀ náà kò run. Púpọ̀ nínú wọn ń gbé ní àárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n etíkun náà kì í ṣe èyí tí àwọn baba wọn mọ̀ mọ́, kò sì sí òfin tàbí owó tí ó lè dá a padà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èèrí abẹ́ tábìlì nìyí: a lè kó tábìlì, ṣùgbọ́n a kò lè kó irúgbìn tí ó ti bọ́ sínú òkun.

Bí ènìyàn náà ti ń ba ọ́ísítà jẹ́

Omi tí ó bá tán lẹ́yìn ẹja ni ó ń sọ ẹja di èrò ìṣasùn. Láti ọdún 1977, àwọn ọmọ ọ́ísítà kò lẹ̀ mọ́ awo amọ̀ ní Arcachon mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, ìkarahun àwọn àgbà sì ń nípọn sódì. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ọ̀dà olóró tí wọ́n fi ń kun ìdí ọkọ̀ ojú omi kí ohunkóhun má baà lẹ̀ mọ́ ọn ni ó ń ṣe é. Díẹ̀ kín-ún nínú omi tó láti ṣe ibi. Ní ọdún 1982, ìjọba Faransé fi òfin de ọ̀dà náà fún ọkọ̀ kéékèèké, àwọn ọmọ ọ́ísítà sì padà bọ̀. Ní ọdún 2008, òfin àgbáyé tí ó dè é fún gbogbo ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kò bá sí ọ̀sìn ọ́ísítà ní Arcachon, ta ni ìbá tètè fura sí ọ̀dà náà? Ẹni tí ó ń jẹ nínú omi ni ó ń kọ́kọ́ ké nígbà tí omi bá bàjẹ́.

Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìjọba tún dá títa ọ́ísítà Arcachon dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí kòkòrò àrùn inú rírun láti inú ìgbẹ́ ènìyàn ti dé inú omi lẹ́yìn òjò ńlá. Gbogbo ohun tí ó bá wà nínú omi ni ọ́ísítà ń sẹ́, ìbáà ṣe oúnjẹ tàbí èérí. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a se é jinná kí a tó jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ edé yàtọ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀sìn ọ́ísítà wé ọ̀sìn edé nínú adágún. Edé ní oúnjẹ tí a ń rà fún un, omi adágún rẹ̀ sì ń dọ̀tí. Ní ilẹ̀ Ẹkuadọ àti ilẹ̀ Tàílàǹdì, wọ́n gé igbó ẹ̀gbà lọ salalu láti gbẹ́ adágún edé. Ẹ̀gbà ni ó ń dá ìgbì òkun dúró, inú gbòǹgbò rẹ̀ ni ẹja ń bímọ sí, òun kan náà sì ni ilé ọ́ísítà wa. Ẹni tí ó bá gé e ti jẹ irúgbìn ọ̀la.

Ohun tí ó kàn wá

Ọ́ísítà tiwa wà lára gbòǹgbò ẹ̀gbà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọ̀sà Èkó, nígbà tí òjò bá sọ omi di aláìníyọ̀, púpọ̀ a kú. Nígbà tí iyọ̀ bá padà ní ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ titun a tún dé. Ó ti mọ omi wa, omi wa sì mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ Gáḿbíà, ìjọba fi ìtọ́jú kíkó ọ́ísítà ní àbàtà Tanbi, lẹ́bàá Banjul, lé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń jẹ́ TRY lọ́wọ́ ní ọdún 2012. Wọ́n ya àsìkò kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún tí ẹnikẹ́ni kì í kó o, wọ́n sì ń gbin ẹ̀gbà. Àpẹẹrẹ rere ni èyí, kò sì jìnnà sí wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ìlú etí omi kan láti dá irú oko yìí sílẹ̀, kí àwọn baálẹ̀, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn apẹja bi í ní ìbéèrè márùn-ún yìí kí wọ́n tó gbà fún un:

Èkínní, níbo ni irúgbìn rẹ ti wá? Bí kì í bá ṣe ti inú omi wa, kí wọ́n má gbà á.

Èkejì, ṣé omi ibẹ̀ ń ṣàn tó láti gbá èèrí lọ?

Ẹ̀kẹta, mélòó ni ìwọ yóò kó síbẹ̀, ta ni yóò sì máa kà á?

Ẹ̀kẹrin, èérí wo ni ó ń wọ inú omi náà láti ilé ìgbẹ́, ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀?

Ẹ̀karùn-ún, bí ìwọ bá lọ, ta ni yóò kó irin àti àpò rẹ kúrò? Ní Arcachon, oko tí àwọn kan pa tì ti di òkìtì irin dípẹtà àti ọ́ísítà ìgbẹ́, owó ìlú ni wọ́n sì ń ná láti tún un ṣe.

Ẹni tí ó bá lè dáhùn gbogbo wọn dáradára, iṣẹ́ rere ni ó gbé wá. Ẹni tí kò bá lè dáhùn èkínní, kí ó gbé irúgbìn rẹ̀ padà sí ibi tí ó ti mú un wá kí ó tó kan omi.